Ó Ku Mẹ́jọ

Aláfẹ́fẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń pè é, orúkọ náà sì ti dá wàhálà sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan á ti kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ ti rọ̀ wá sẹ́nu géètì wọ́kìṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì tó ti ń ṣiṣẹ́, á ní wọ́n ní kóun bèèrè Aláfẹ́fẹ́ kó bá òun fẹ́ ẹ. Obìnrin náà á gbójú sókè níbi tó jókòó sí, á ní, "Táyà kọ́ ni tèmi. Ọ̀nà ọ̀fun ni tèmi." Ẹni tó bá yé á rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò bá yé á ti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ lọ síwájú.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé, àwọn ènìyàn ni kì í fẹ́ gbọ́. Ẹ́ńjìnì mọ́tò ń mí. Bó ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sínú ni epo ń wọlé bá a, tí iná á fi gbà wọ́n. Bí epo bá kéré sí afẹ́fẹ́, ebi ń pa ẹ́ńjìnì nìyẹn, á gbóná, á sì jó ara rẹ̀. Bí epo bá pọ̀ jù, ó ti yó kọjá ààlà, á máa rú èéfín dúdú, á máa lọ́ra. Wọ́n wá fi waya kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sí ọ̀nà ọ̀fun ẹ́ńjìnì, wọ́n ń fi iná mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá á máa fẹ́ ẹ tutù, bó bá sì ṣe tutù tó ni kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní ọpọlọ, fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Ọpọlọ á lọ wo àtẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ní ìlà ìlà, àtẹ yẹn á sì sọ iye epo tó máa tú sílẹ̀. Ohun tí Aláfẹ́fẹ́ ń ṣe kò ju èyí lọ: bí waya bá ń purọ́ tàbí bí àtẹ bá ń purọ́, ó máa ń mú wọn sọ òótọ́.

Kò kọ́ ọ níléèwé kankan. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí wọ́n gbà á sí wọ́kìṣọ́ọ̀bù náà láti máa tẹ lẹ́tà fún bàbá tó ni ibẹ̀. Kò pẹ́ sí i ni mọ́tò oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àwọn mẹkáníìkì ìgbà náà, àwọn ọkùnrin tó ń fọwọ́ lásán gbé gíábọ́ọ̀sì, dúró yí kọ̀ǹpútà ká, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan bọ́tìnì. Bàbá yíjú sí ọmọbìnrin tó ń tẹ lẹ́tà, ó ní, "Ìwọ tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, wá tẹ̀ ẹ́." Ó wá, ó tẹ̀ ẹ́. Báyẹn náà lèèyàn ṣe ń di ọ̀gá nínú iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: gbogbo àwọn tó kù á sá, ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kóun sá á sì dúró.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Bàbá ti kú. Ọmọ rẹ̀, tó máa ń jókòó sábẹ́ tábìlì Aláfẹ́fẹ́ ṣe iṣẹ́ iléèwé nígbà náà, ni Ọ̀gá báyìí. Ó ń pe obìnrin náà ní Àǹtí, obìnrin náà sì ń pè é ní Ọ̀gá, àwọn méjèèjì ń sọ "ẹ" síra wọn bí ẹni ń ta ayò. Yàrá tí Aláfẹ́fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ wà ní ìpẹ̀kun wọ́kìṣọ́ọ̀bù, gíláàsì ló fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó kù. Wọ́n ri àwọn rólà irin méjì mọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Mọ́tò á gun orí wọn, táyà rẹ̀ á máa yí, mọ́tò kò sì ní lọ síbì kankan. Fáànù tó tóbi tó ilẹ̀kùn wà níwájú, páìpù kan sì ń gbé èéfín gba inú ògiri jáde.

Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní bí ọdún kan àtààbọ̀ sẹ́yìn. Kì í ṣe pé ó fọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìran ṣì mọ́ dáadáa, àárín ló ṣú. Bó bá wo ènìyàn, á rí etí méjèèjì àti èjìká, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí imú wà á di kùrukùru. Bó bá wo nọ́ńbà, èyí tó ń wò gan-an ló ń sá, èyí tí kò wò ló ń rí. Dókítà ojú sọ fún un pé kò sí gíláàsì tó máa tún un ṣe, pé kò ní fọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kó má retí pé á padà bọ̀ sípò. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì tí kì í ṣe tàdúgbò rẹ̀ nítorí pé kò rí nọ́ńbà iwájú rẹ̀, ó sì rìn padà sílé.

Ọkọ rẹ̀ nìkan ló sọ fún. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pe ọkọ náà, òun fúnra rẹ̀ sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìfẹ̀yìntì náà kò sì bá a lára mu. Ó to ìkòkò ilé láti èyí tó tóbi jù dé èyí tó kéré jù, ó kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sì gbé ìkẹta sípò ìkarùn-ún, ó pè é síbẹ̀ kó wá wo ohun tó ṣe.

"Mo lè máa kà á fún ọ," Tíṣà sọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

"Kí lẹ máa kà?"

"Nọ́ńbà. Àbí kì í ṣe nọ́ńbà ni? Mi ò mọ mọ́tò, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà."

"Kí la máa wá sọ fún Ọ̀gá?"

"Sọ fún un pé mo ń yọ ẹ́ lẹ́nu nílé. Kì í ṣe irọ́."

Ohun tó sọ fún Ọ̀gá náà nìyẹn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní kí Tíṣà máa bọ̀, pé wọ́n ti na òun rí lórí ìsọdipúpọ̀, ó sì dáa kí wọ́n wá wo bóun ṣe dà. Bí Tíṣà ṣe di ẹni tó ń jókòó sí ìjókòó ọ̀tún nínú mọ́tò oníṣẹ́ nìyẹn, òwú nínú etí méjèèjì, kọ̀ǹpútà lórí itan. Bọ́tìnì ìtẹ̀wé tí wọ́n fi waya so mọ́ kọ̀ǹpútà á wà lórí itan ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́ ìdarí. Ẹni tó ti fi ìka mẹ́wàá tẹ lẹ́tà láìwo ọwọ́ láti kékeré, ojú kọ́ ló fi ń tẹ̀wé. Ó mọ àtẹ náà lórí: ìlà mẹ́jọ sísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan sọ́tùn-ún, ó ti débẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó nílò ni ẹni tó máa sọ ohun tí imú sọ fún un. Imú ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń tì bọ páìpù èéfín, tó ń gbóòórùn iná tó ti jó tán, tó sì ń sọ òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ mélòó ló bá òṣùwọ̀n epo kan jó.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ jà lé lórí. Ní wọ́kìṣọ́ọ̀bù náà, "ebi mẹ́ta" tàbí "ayo mẹ́ta" ni wọ́n ń sọ, ìyẹn ni pé epo fi mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kéré tàbí pọ̀ jù. Tíṣà ní òun ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ́ńjìnì kì í jẹun, pé àwọn tó bá ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyẹn níwájú ọmọdé ló ń ba ìṣirò jẹ́. Kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa bá Tíṣà jiyàn? Wọ́n fẹnu kò sórí "ó lé" àti "ó dín." Nọ́ńbà imú lé sí iye tí wọ́n bèèrè, afẹ́fẹ́ ló pọ̀, ebi ń pa á, kí ìyàwó fi kún un nínú àtẹ. Nọ́ńbà dín, epo ló pọ̀, kó yọ kúrò. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi ṣe é, mọ́tò mọ́kànlélógójì gun rólà, ó sọ̀ kalẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó padà wá ráhùn.

Èyí tó ṣe ìkejìlélógójì jẹ́ ti agbẹ̀bí kan, obìnrin kúkúrú tó ti ń fi mọ́tò kan náà lọ gbẹ̀bí kiri láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ́ńjìnì àtijọ́ ti kú. Díẹ̀díẹ̀ ló to òmíràn sí i. Díẹ̀díẹ̀ yìí jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó gbàgbé bóòtì kan nínú gíábọ́ọ̀sì ẹnì kan lọ́dún tó kọjá. Ọ̀gá sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ẹ̀ẹ̀kejì kò sí. Látọjọ́ yẹn ló ti ń ka bóòtì lẹ́ẹ̀mejì kó tó dè wọ́n, tó sì ń wọn ohun tí ẹlòmíràn ń fojú díwọ̀n, ibẹ̀ lorúkọ rẹ̀ ti wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí ẹ́ńjìnì agbẹ̀bí, ó sì tò ó dáadáa. Páìpù ọ̀nà ọ̀fun ni kò rí irú ẹ̀ mọ́, ó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ rọ́pò.

Ẹ wá wò ó. Bí ọ̀nà bá fẹ̀, afẹ́fẹ́ á rọra gbà á kọjá, waya kò ní tutù tó bó ṣe yẹ, á sì máa sọ fún ọpọlọ pé afẹ́fẹ́ ò pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó pọ̀. Irọ́ tí Aláfẹ́fẹ́ mọ̀ dunjú nìyẹn. Gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi tún àwọn ìlà ìsàlẹ̀ ṣe ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Tíṣà ń ka nọ́ńbà, ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ó ku ìlà mẹ́rin tó wà lókè pátápátá, ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń sáré jù. Wọn kò tíì wọn ìyẹn. Nǹkan tí Aláfẹ́fẹ́ rò pé ó máa jẹ́ ló ti tẹ̀ síbẹ̀, ó lè ti fi pọ̀ jù, ó lè ti fi kéré jù.

Ní bí ago méjìlá, ó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Rólà ké, fáànù ń hó, gíláàsì yàrá ń gbọ̀n. Ẹ́ńjìnì dé ibi tó ń lọ, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Ìlà kẹrìndínlógún," Tíṣà pariwo nínú ariwo. "Ó ku mẹ́jọ."

"Ó ku?"

"Ó ku mẹ́jọ."

Ẹ ò rí i pé ó bèèrè. Ó bèèrè, ó sì gbọ́ èsì, ó sì tẹ ohun tó gbọ́. Létí tirẹ̀, ohun tó bá ku mẹ́jọ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Bí awakọ̀ bá ní ó ku máìlì mẹ́jọ, ṣé ó ti dé ni? Nọ́ńbà kò dé ibi tí wọ́n bèèrè, ó dín, epo ló pọ̀. Ó yọ mẹ́jọ. Ó tún ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnì dé òkè, ó gbọ́ nǹkan bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lójú ẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ jù. Ẹ́ńjìnì gbọ̀n, ó tú èéfín funfun, ó sì dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n tú orí ẹ́ńjìnì. Písítìnì kẹta, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnì, ti lu, ihò rẹ̀ gba ìka. Bí ẹnu ríìngì, irin róbótó tó yí písítìnì ká, bá sún mọ́ra jù, ó lè bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó sì gbójú sókè sí Díẹ̀díẹ̀.

"Àlàfo ẹnu ríìngì yẹn, ṣé o wọ̀n ọ́n?"

"Mo wọ̀n ọ́n, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì, sà."

Ọ̀gá pòṣé. "Agbẹ̀bí ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bó o bá ṣe tán, kó ẹrù ẹ."

Aláfẹ́fẹ́ dúró lẹ́yìn wọn. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Kó tó délé ló ti fura. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, ó ní kí Tíṣà sọ gbogbo ohun tó rí lójú kọ̀ǹpútà, láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

"Iye tá a bèèrè jẹ́ méjìlá ààbọ̀," Tíṣà sọ. "Imú ní mẹ́tàlá ààbọ̀. Yọ méjìlá ààbọ̀ kúrò nínú mẹ́tàlá ààbọ̀, kí ló kù?"

"Ọ̀kan."

"Ọ̀kan ló kù. Ọ̀kan nínú méjìlá ààbọ̀, mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Mo wá ní ó ku mẹ́jọ. Ibo ni mo ti ṣì í?"

"Ẹ ò ṣì í."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà ò ṣì í. Ó lé la jọ sọ, Tíṣà. Ó lé tàbí ó dín."

"Ariwo pọ̀," Tíṣà sọ. "Ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni mo sọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ọ́ níwájú pátákó."

Ènìyàn méjì tó ti fẹ́ra wọn fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nìyẹn, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà láràárọ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù sọ́wọ́ lẹ́yìn àyọkúrò ni ọ̀kan ń pè ní ó ku. Ọ̀nà tí wọn ò tíì rìn dé òpin ni èkejì ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí ebi mẹ́jọ ń pa, wọ́n tún gba oúnjẹ mẹ́jọ lẹ́nu rẹ̀.

"Lọ́la, lọ sọ fún Ọ̀gá," Tíṣà sọ.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ẹ̀yin lẹ ń kà á fún mi? Á bèèrè ìdí."

"Sọ ìdí fún un."

"Bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi tán nìyẹn."

Òótọ́ ni, ìṣirò kankan ò sì lè yí i padà. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, ìlà kẹrìndínlógún, mẹ́jọ tí wọ́n yọ, wákàtí tí wọ́n yọ ọ́. Ẹlẹ́rìí wà. Ṣùgbọ́n Aláfẹ́fẹ́ nìkan ló gbọ́ èdè ẹlẹ́rìí náà ní gbogbo wọ́kìṣọ́ọ̀bù, nítorí pé láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àwọn tó kù ṣì káwọ́ sẹ́yìn.

Lọ́jọ́rú, Díẹ̀díẹ̀ tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ǹṣì, ó to gbogbo ríìngì ẹ́ńjìnì náà lé e, ó sì ń fi àwọn abẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn àlàfo ẹnu wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pé. Ó kó wọn jọ, ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n pé. Àwọn mẹkáníìkì tó ń kọjá kọ́kọ́ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀kan bèèrè bóyá ó fẹ́ kí ríìngì náà bímọ ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọn ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Aláfẹ́fẹ́ ń gbọ́ ìró irin lórí bẹ́ǹṣì láti inú yàrá rẹ̀. Òwe tí àgbà kankan kò lè sọ pé òun ò mọ̀ wá sọ́kàn rẹ̀, pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, inú sì bí i sí ẹni tó kọ́kọ́ pa á. Ó rọrùn fún olúwarẹ̀ láti pa á. Kò sẹ́ni tó máa gba ọjà náà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá tún orí ọmọ ṣe tán.

Lọ́jọ́bọ, Díẹ̀díẹ̀ wá kan gíláàsì yàrá náà. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi wo inú kọ̀ǹpútà, bóyá ẹ̀yin á rí nǹkan. Mo ti wọ̀n ọ́n títí, ó ń pé. Ó ti wá ń dà bíi pé ọwọ́ mi ló ń tàn mí."

"Mi ò rí nǹkan kan," Aláfẹ́fẹ́ sọ.

Bó bá jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ wọn ọ̀rọ̀ ni, òótọ́ ni. Kò rí nǹkan kan, ọjọ́ tó ti rí nọ́ńbà gbẹ̀yìn ti pẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ ńlá ni, òun gan-an sì mọ̀ pé òun ò tíì pa irú ẹ̀ rí láyé òun. Díẹ̀díẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sídìí bẹ́ǹṣì. Ojú ti obìnrin náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fọwọ́ kan búrẹ́dì tó gbé wá láti ilé. Tíṣà ló jẹ ẹ́, kì í ṣe pé ebi ń pa á, kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ ṣe ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, agbẹ̀bí dé lówùúrọ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnì kan ti sọ fún un lórí fóònù pé wàhálà wà, kò mọ irú wàhálà tó jẹ́. Ọ̀gá mú un wá sídìí mọ́tò, ó sì fi ojú pe Díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nu ọwọ́, ó dúró, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, mà," ó sọ. "Písítìnì kan ti jó. Èmi ni mo to ẹ́ńjìnì náà. Mo ti wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò rí ibi tí mo ti ṣì í. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tò ó, kò sẹ́lòmíì. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí. Aláfẹ́fẹ́ jáde, Tíṣà tẹ̀ lé e.

"Òun kọ́," Aláfẹ́fẹ́ sọ.

Ọ̀gá yíjú. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ara yín láàmú. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ọmọ yìí."

"Mi ò fẹ́ràn ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo jó písítìnì yẹn. Ebi mẹ́jọ ń pa ẹ́ńjìnì lókè, dípò kí n fi mẹ́jọ kún un, mo yọ mẹ́jọ. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà, ìlà kẹrìndínlógún."

"Ẹ̀yin? Ẹ yọ ọ́ níbi tó yẹ kẹ́ ẹ fi kún un?" Ọ̀gá ò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì mọ okùn bàtà de nígbà tẹ́ ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Ó dáa, ẹ fi hàn mí."

Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun. Tíṣà na ọwọ́ láti ṣí i. Ọ̀gá dá a dúró, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ kí Àǹtí kà á fún mi fúnra wọn."

Aláfẹ́fẹ́ dojú kọ kọ̀ǹpútà náà. Ó rí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rí ekuru lára etí náà, ó rí ọwọ́ Ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àárín ṣú.

"Mi ò rí i," ó sọ.

"Kí lẹ ò rí?"

"Nọ́ńbà. Mi ò rí nọ́ńbà mọ́. Tíṣà ló ń kà á fún mi, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan, mo gbọ́ ọ lódì."

"Èmi ni mo sọ ọ́ lódì," Tíṣà sọ.

"Ẹ ò sọ ọ́ lódì, Tíṣà. Ẹ dákẹ́."

Ọ̀gá fẹ̀yìn ti ara mọ́tò. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́rìnlá tí Tíṣà ti ń bọ̀."

"Mọ́tò mélòó nìyẹn?"

"Mọ́kànlélógójì, yàtọ̀ sí èyí."

Agbẹ̀bí, tó ni mọ́tò, tó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú ju gbogbo wọn lọ, ló kọ́kọ́ lanu. "Ṣé ojú méjèèjì ni?" ó bèèrè.

"Méjèèjì."

"Àárín ló ṣú, ẹ̀gbẹ́ mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Agbẹ̀bí mi orí, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan nípa mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀gá ní gbogbo àwọn mọ́tò yẹn gbọ́dọ̀ padà wá, kí wọ́n pe ẹlòmíì wá yẹ̀ wọ́n wò. Aláfẹ́fẹ́ ní kó mú bírò. Ó dúró síbẹ̀, ó sì ka mọ́kànlélógójì fún un látorí títí dé ìdí, mọ́tò wo, ta ló ni í, ìlà wo ló fún un ní wàhálà. Ọ̀gá ń kọ ọ́. Ó gba bíi wákàtí kan. Ní ìparí, Ọ̀gá ti bírò bọ àpò, ó ń wo ilẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn." Ó mú un fún un. Ó ti rò pé òun máa sunkún bó bá di ìgbà yẹn, kò sunkún. Inú rẹ̀ kàn bàjẹ́ ni, ó sì tún fúyẹ́ díẹ̀, èyí tó tún bà á nínú jẹ́ sí i.

Díẹ̀díẹ̀ ṣì wà nídìí bẹ́ǹṣì.

"Màmá," ó sọ, "mo wá bá yín lánàá."

"O wá."

"Mo ní kẹ́ ẹ bá mi wò ó. Ẹ ní ẹ ò rí nǹkan kan."

"Ẹ̀rù bà mí," Aláfẹ́fẹ́ sọ.

"Ẹ̀rù ba èmi náà, Màmá. Mo ní ọmọ méjì."

"Má bínú, ọmọ mi."

Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ríìngì náà sínú aṣọ funfun, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kà wọ́n bó ṣe ń kó wọn. Ó kà wọ́n tán, ó di aṣọ náà, ó gbé e lọ sí sẹ́lífù.

Aláfẹ́fẹ́ dúró títí ó fi ṣe tán. Láti bí ọdún kan àtààbọ̀, kò gbà kí ọkọ rẹ̀ di òun lọ́wọ́ mú níta, nítorí pé ẹni tó bá rí wọn á bèèrè ohun tó dé. Ó ti fẹsẹ̀ kọ gọ́tà, ó ti forí gbá òpó, ó sì ní àìfarabalẹ̀ òun ni. Lọ́jọ́ náà, òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Tíṣà fún un ní apá rẹ̀. Wọ́n gba àárín wọ́kìṣọ́ọ̀bù kọjá lọ síbi géètì bẹ́ẹ̀, láàárín àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn sì rí i.